Ẹni tí ó gba epo lájà

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ó ń bá wí.

Òǹkàwé mi, ta ni ó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ní ìgbà èwe mi tí kò mọ Bàbá Sàlá? Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni. Orin ni ó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́. Sunny Adé pàápàá ti wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí eré, tí òun àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ sì di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Bí ó bá ti yọ pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti aago ńlá tí ó so kọ́ ara, ẹ̀rín á ti máa pa wá kí ó tó la ẹnu.

Má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1982, ó gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí. Owó ńlá ni ó ná sí i, ó sì yá owó kún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí owó rẹ̀ kó, àwọn olè ti da sinimá náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Òtòṣì tí ayé sú ni ó ṣe nínú eré náà. Gbèsè tòótọ́ ni ó sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Olùkọ́ ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Ẹnì kan ní àdúgbò wa ra irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó ní pálọ̀ rẹ̀. Mo san tèmi, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà òótọ́, ọkàn mi kò sì dá mi lẹ́bi. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohun tí ojú ọkùnrin náà rí. Ìgbà náà ni ó yé mi pé owó tí mo san kò dé ọwọ́ ẹni tí ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá Sàlá kò jókòó sunkún. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó sì ṣe Mọ́ṣebọ́látán. Ó jáde láyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, n kò sì lè san gbèsè mi fún un mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lọ̀ ọ́ ní ọ̀pọ̀, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe orin tàbí sinimá, kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ó ṣe é mọ̀ sí i. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gba epo nísàlẹ̀, ta ni yóò gun àjà lọ jí i?