Láti Ìgàndó dé Ojú Agbami

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni a fi Ìgàndó sílẹ̀, èmi, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. A gba Ìṣẹrì kọjá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tí a dé Àkòwónjọ, àwọn oníbúrẹ́dì ti ń to ọjà wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń gbé Alímọ́ṣọ́, ìró bàálù kò ṣe àjèjì sí etí yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tí ń gbéra ní Ìkẹjà ni ó ń lọ sí Àbújá tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ilé-iṣẹ́ epo ni ó háyà wọn, òṣìṣẹ́ epo nìkan ni wọ́n sì ń gbé.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1956 ni a rí epo ní Oloibiri. Ní 1959 ni a dá Aero Contractors sílẹ̀. Bristow pẹ̀lú ti lé ní 50 ọdún ní ilẹ̀ wa, Caverton sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ àti odò ni kò jẹ́ kí mọ́tò dé ibi iṣẹ́. Lónìí, agbami òkun ni. Bonga, tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2005, jìnnà sí etíkun tó 120 kìlómítà. Hẹlikọ́pítà ni ó yá jù débẹ̀.

Wọ́n wọn ẹrù, wọ́n sì wọn ènìyàn pàápàá. Báàgì ọkọ àbúrò mi fi kìlógíráàmù 3 lé sí iye tí wọ́n gbà láyè: gaàrí, èlùbọ́, àti ìgò ńlá kan tí ó kún fún ata díndín. Oúnjẹ kò sì wọ́n wọn lójú òkun o! Èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo bá a dín ata náà.

Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí ó sì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ìlaròó ni wọn yóò ṣì kàn sí bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà nílé yín. Ta ni wọn yóò pè?”

“Ìyá Ìbejì, má bínú. Kí n tó gbé ọ níyàwó ni mo ti kọ ọ́. Mo gbàgbé ni.”

Ó gba ìwé mìíràn, ó sì kọ ọ́ ní ìdúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó yé wa: orúkọ inú ìwé yìí kò sọ ènìyàn di ajogún. Ẹni tí ìròyìn yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń fi hàn. Ìyẹn nìkan tó ohun tí aya ń béèrè.

Àbúrò mi kò bẹ̀rù lásán. Ní 12 oṣù kẹjọ, 2015, hẹlikọ́pítà Bristow kan tí ń ti ojú òkun bọ̀ wá sí Èkó já sínú ọ̀sà ní Òwòrónṣòkí. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. 6 kú, 6 yè. Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yìí nínú adágún omi kí wọ́n tó fò: a ó dè wọ́n mọ́ àga nínú àpótí tí a ṣe bí inú hẹlikọ́pítà, a ó rì í, a ó dojú rẹ̀ dé, wọn yóò sì wá ojú fèrèsé jáde. Bàbá Ìbejì ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ 28 ni ó ń lò lójú òkun, 28 nílé. Obìnrin yìí nìkan ni yóò tọ́jú ibà, owó ilé-ìwé àti onílé títí yóò fi dé. Nígbà tí ó bá sì dé, ara àwọn ọmọ kò ní tètè mọlé fún un.

Wọ́n wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó, wọ́n sì jáde lọ. A kò rí i mọ́. Ìró rẹ̀ nìkan ni a gbọ́.

A gbé ìgò ata padà. Ọjà Ìkòtún ni a wà, tí a ń ná ìrẹsì, nígbà tí tẹlifóònù àbúrò mi dún. Ó ti dé.