Ikú Shekau ní Òpópónà Liverpool

Ẹni tí ó bá gbé ní ẹ̀bá Òpópónà Liverpool, ní Àpápá, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yóò rántí pé tírélà kì í kọjá níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Awakọ̀ tí ó ń lọ gbé ẹrù ní èbúté Tin Can a máa lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ìlà. Abẹ́ ọkọ̀ ni yóò tẹ́ ẹní sí, etí gọ́tà ni yóò ti wẹ̀. Báyìí ni èmi àti Alájì kan, awakọ̀ tírélà, ọmọ Kànúrí láti ìpínlẹ̀ Borno, ṣe di ojúlùmọ̀, nítorí pé yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò GCE ní Yorùbá kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń dúró sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, ìròyìn jáde láti ẹnu àwọn ológun. Wọ́n ní ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú, ọkọ̀ òfúrufú ju àdó olóró sí abúlé Taye nínú igbó Sambisa, níbi tí àwọn olórí Boko Haram ti ń kírun; pé ọ̀gágun wọn mẹ́ta kú, pé Abubakar Shekau pàápàá gba ọgbẹ́ ikú ní èjìká.

Ẹ má ṣe bi mí bí inú mi ti dùn tó. Àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok ní ọdún 2014, púpọ̀ nínú wọn kò tí ì padà sílé nígbà náà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àròkọ: ‘Ikú Ọ̀tá Ìlú’. Mo sì jáde lọ bá Alájì.

‘Alájì, ẹ kú oríire o! Wọ́n ti pa Shekau.’

Ó ń se tíì lórí sítóòfù. ‘Tíṣà, ẹ ṣeun. Ta ni ó rí òkú rẹ̀?’

Mo ní àwọn ológun ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

‘Wọ́n ní ó kú lọ́dún 2009. Wọ́n ní ó kú lọ́dún 2013. Lọ́dún 2014, wọ́n tilẹ̀ gbé àwòrán òkú jáde. Àbúrò mi obìnrin wà ní àgọ́ ní Borno, Tíṣà. Bí ó bá gbọ́ ìró bàálù, kì í dúró béèrè ta ni ó ni ín. Ó ń sá ni.’

N kò ní fi pamọ́: mo fura sí ọkùnrin yìí díẹ̀. Lójú mi, ẹni tí kò bá wa yọ̀ lọ́jọ́ náà ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo ń yẹ àròkọ wò, mo kan iṣẹ́ ọmọbìnrin kan tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń ta ẹja. Ó kọ ọ́ pé ẹni tí ó wà lófúrufú ń rí orí, kò rí ojú. Báwo ni ó ṣe mọ orí tí ó ń wá láàárín àwọn tí ó forí kanlẹ̀? Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, ‘O yà kúrò lórí kókó ọ̀rọ̀’, mo sì fún un ní 8 nínú 20. Àwọn tí ó fi òwe gún Shekau ní epe gba 15.

Ní oṣù kẹsàn-án, Shekau sọ̀rọ̀ nínú fọ́nrán tuntun. Mo kọ́ wọn ní àrànmọ́ ohùn lọ́jọ́ náà. N kò mẹ́nu ba àròkọ.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 2017, ọkọ̀ òfúrufú àwọn ọmọ ogun wa ju àdó olóró sí Rann, nítòsí ààlà Cameroon. Àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ni wọ́n kún ibẹ̀, àwọn elétò ìrànwọ́ sì wà láàárín wọn. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú; mẹ́fà nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ Red Cross tí wọ́n wá pín oúnjẹ. Lẹ́yìn ìwádìí, àwọn ológun ní kò sí àmì lórí àwòrán ilẹ̀ pé àgọ́ ni ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n rí sì jọ ọlọ̀tẹ̀ lójú wọn. Orí ni wọ́n rí.

N kò sọ pé kí ìjọba káwọ́ gbera. Ẹni tí wọ́n ń pa yóò jà, ẹni tí ó sì ń di àdó olóró mọ́ ọmọdé lára tọ́ sí ogun. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi bàálù mú ẹnì kan ṣoṣo, ó di dandan kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lójú wà nílẹ̀. Shekau náà kò tilẹ̀ kú láti òkè: ní oṣù karùn-ún, ọdún 2021, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ISWAP, tí wọ́n ti jọ wà tẹ́lẹ̀, ká a mọ́ inú Sambisa kan náà, ó sì fi àdó olóró pa ara rẹ̀.

Ìwé ọmọbìnrin náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fa ìlà gba orí 8 yẹn kọjá, n kò sì tíì kọ òmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́ ti Rann, mo rìn gba ẹ̀gbẹ́ ìlà tírélà láti ìdí afárá, mo ń wá Alájì. Mo fẹ́ béèrè àgọ́ tí àbúrò rẹ̀ wà. Ó ti sọ fún mi pé Borno ni. Èmi ni n kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ kan ní ó ti gbé ẹrù lọ sí òkè ọya. N kò tún fojú kàn án mọ́.