Ilé Kan Létí Odò Nkisi

Ẹni tó bá ti gbé Enugu rí mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ́n omi. Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "orí òkè" ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, omi ẹ̀rọ ìjọba kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Ọkọ̀ táńkà ló ń gbé omi wá fún wa láti Náìntì Máìlì. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ibẹ̀, mi ò sì tíì fọ aṣọ lọ́jọ́ kan láìkọ́kọ́ ka iye kẹ́ẹ̀gì tó kù nílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Tolú wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n fẹ́ tà ní Trans-Nkisi, ní Onitsha, tí èèyàn lè dúró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó máa wo odò, mi ò béèrè iye rẹ̀. Ohun tí mo béèrè ni bóyá a lè máa gbọ́ ìró omi náà láti inú yàrá.

"A lè gbọ́ ọ, Ìyá Tolú. Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ ọ."

Ilé òpin ọ̀sẹ̀ ló ní lọ́kàn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 tí jíjókòó sílé lọ́jọ́ Ajé ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Ìlà-Oòrùn, ọjọ́ Ajé ti di ọjọ́ Àìkú kejì fún ọ̀pọ̀ wa. Òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni tèmi ń parí. Enugu sí Onitsha kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. A ó jáde lọ́jọ́ Ẹtì, a ó padà ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo rẹ̀ ló ti tò sórí ìwé, títí dórí owó epo.

Oṣù kìíní la lọ wò ó, ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́. Òdìkejì odò Nkisi ni àdúgbò náà, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí, ó sì ní ìdákẹ́jẹ́ kan tí èèyàn ò lè rí ní Upper Iweka tàbí lẹ́bàá Ọjà Ńlá. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rọra da gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí tó fi kan omi. Lọ́jọ́ náà, Nkisi mọ́ débi pé mò ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó tutù. Níbi tí mo dúró sí yẹn, mo ti ra ilé náà tán nínú ọkàn mi, mo ti gbé àga méjì síta, mo ti gbin ewédú sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì.

Inú ilé ni ọkàn mi ti yẹ̀. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó wà níbẹ̀ ló ga, wọ́n bá àyà mi dọ́gba. Mo bi éjẹ́ǹtì tó mú wa wá. Ó ní nítorí àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án. Ó dáhùn kíákíá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òrùlé. Mo yà sí kíṣìnnì. Fíríìjì àtijọ́ kan tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tí wọ́n tò léra. Kí ni ti ọmọdé nínú ìyẹn?

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó wó ilé, tó gbé èèyàn, tó gbé mọ́tò. Omíyalé ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é. Ilé tí àwọn òbí mi háyà kò jìnnà sí odò náà. A mú ẹ̀mí jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi ń jẹun bá omi lọ. Láti ọjọ́ náà títí ọlọ́jọ́ fi dé, bí òjò bá ti ń rọ̀ lóru, ìyá mi á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú òkùnkùn, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. A ti kó lọ sí Mókọ́lá nígbà náà o, lórí òkè, níbi tí odò kankan ò lè dé. Kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró. Nígbà tí omi tún ba Ìbàdàn jẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó pè mí lórí fóònù ní Enugu láti sọ fún mi pé ilẹ̀ òun gbẹ.

Odò tí Nkisi ń ṣàn lọ bá ni àwa Yorùbá ń pè ní Odò Ọya. Àwọn ará Onitsha ń pè é ní Orimili. Ọya, aya Ṣàngó, ló ni ìjì; mo máa ń rò pé ẹni tó kọ́kọ́ fún odò náà lórúkọ yìí ti rí i níbi tó ti ń bínú. Ó gùn tó 4,180 kìlómítà. Orí òkè ní orílẹ̀-èdè Guinea ló ti ṣẹ̀, kò jìnnà sí òkun rárá, síbẹ̀ ó kẹ̀yìn sí òkun, ó gba Mali àti Niger lọ kí ó tó ṣẹ́rí wá bá wa. Òjò tó rọ̀ ní Guinea ń lo oṣù mélòó kan lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí odò náà fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní ìhà Kainji, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òjò tiwa, lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ wa gbẹ fúrúfúrú. Ní Lokoja, Benue yóò dà pọ̀ mọ́ ọn, Benue tí àwọn ará Cameroon kọ́ dáàmù Lagdo sórí rẹ̀ ní ilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1982. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, Onitsha wà lójú ọ̀nà.

Èyí ló yí ọ̀rọ̀ ilé náà padà lójú mi. Ní Ìbàdàn, òjò tó pa wá lórí náà ló yalé wa. A gbọ́ ọ lórí páànù. Ní Onitsha, oòrùn lè máa ràn ganrínganrín kí omi máa gòkè bọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó àwọn tó ń sá fún àgbàrá náà dojú dé ní Ogbaru, ní ìsàlẹ̀ Onitsha, tí èèyàn tó lé ní àádọ́rin kú. Àwọn wọ̀nyẹn ti kúrò nílé. Ọ̀nà àsálà ni wọ́n wà.

Mo wá ń ro bí àwọn onílẹ̀ Onitsha fúnra wọn ṣe tẹ̀dó. Òkè, ní Enu Onicha, ni ààfin Obi, ọba wọn, wà, ibẹ̀ ni agboolé àwọn bàbá ńlá wọn wà. Otu, etí omi, ni ọjà àti èbúté. Nígbà tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, bá ọkọ̀ ojú omi débẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1857 pẹ̀lú Taylor, ẹni tó fi síbẹ̀ láti dá ìjọ sílẹ̀, òkè ni wọ́n gùn lọ kí Obi Akazua. Àwọn tó ni odò ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a láàárọ̀, wọ́n sì ń gòkè lọ sùn. Ọjà ló fa ilé wálẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọkọ mi kò gbà. Ó rán mi létí Ìlàṣẹ, l'Ékòó, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ́ ilé ìsinmi sí létí òkun, tí a fi ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Mo rántí dáadáa. Mo rántí pé ẹja tí wọ́n dín fún wa dùn, mo rántí bí iyọ̀ òkun ṣe jẹ irin géètì di jákujàku. Ẹni tí mo sì rántí jù ni mẹ́gàádì, Ègùn kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Òun ló mọ igi àgbọn tí òkun gbé lọ àti oṣù tó gbé e. Ọ̀rẹ́ wa, ó tó oṣù mẹ́rin tó ti débẹ̀ kẹ́yìn.

Mo bẹ Bàbá Tolú pé kí a má san kọ́bọ̀ títí di oṣù kẹwàá, kí a padà lọ wò ó nígbà náà. Éjẹ́ǹtì ní ẹlòmíràn ti fowó dúró. Ní ti ìwé ilẹ̀, agbẹjọ́rò wa ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù. Ọkọ mi bínú fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó ní ó dáa.

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ tí a padà lọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Nkisi ti di àwọ̀ ẹrẹ̀, ó ti bo ibi tí mo ki ẹsẹ̀ bọ̀, ó ti gba ìdajì ẹ̀yìnkùlé, igi gúáfà kan sì dúró sí àárín rẹ̀. Mo rí ọ̀rá pure water kan tó léfòó, mo wá ń wò ó kí ó máa bá omi lọ sí apá Odò Ọya. Kò lọ síbẹ̀. Apá òkè ló rọra ń lọ, ó ń padà síbi tí Nkisi ti ń ṣàn bọ̀. Mo fa ọkọ mi lápá. Àwa méjèèjì dúró, a ń wò ó títí tó fi kọjá fẹ́ńsì ilé kejì.

Ìyá àgbà kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì ilé yẹn. Mo kí i. Ó ní Orimili ló kún tó ń ti Nkisi padà, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nígbà mìíràn ó ń dúró nínú ọgbà, nígbà mìíràn ó ń wọlé. Ó wá bi mí ní Igbo, tinútinú, láìfi ṣe èébú: "Ṣé ẹ ó máa gbé inú ilé yẹn ni, àbí ẹ ó kàn máa wá?"

Mi ò rí ìdáhùn fún un. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ alẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè. Àwa, Enugu la ó wà lọ́jọ́rú, jìnnà sí omi náà, a ó máa pe ẹnì kan lórí fóònù pé kó bá wa fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni náà yóò ní ìyàwó. Yóò ní ọmọ. Yàrá tí a ó fún un ni èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó súnmọ́ omi jù. Mo sọ eléyìí fún Bàbá Tolú nínú mọ́tò. Kò fèsì títí a fi kọjá Awka.

A ò ra ilé náà.

Ní Náìntì Máìlì, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúnàádúrà pẹ̀lú awakọ̀ táńkà kan, ọkọ̀ náà sì tẹ̀ lé wa dé ilé. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n na rọ́bà sínú táńkì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú rẹ̀. Bàbá Tolú gbé àga síta, ó jókòó tì í títí tó fi kún.