Eré Sísá àti Irin Gbígbé

Ní ọdún 1996, nígbà tí Falilat Ògúnkọ̀yà fi ìṣẹ́jú àáyá 49.10 sá eré 400 mítà ní Atlanta, tí ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, èmi náà pinnu láti sọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi di asáré.

Mo ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ tí ó lágbára ni í yára. Mo wá irin. Wọ́n ń gbé e ní òwúrọ̀, wọ́n ń sáré ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó yára jù nínú wọn di ẹ̀yìn itan rẹ̀ mú lójijì, ó sì ṣubú. Iṣan rẹ̀ ti ya. Àwọn òbí rẹ̀ kò bá mi wí. Ojú ọmọ náà ni ó bá mi wí.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé ọmọ tí ó ti rẹ̀ ni mo ń lé sáré. Láti ìgbà náà, eré ni ó ń ṣíwájú, nígbà tí ara ṣì fúyẹ́: 30 mítà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò gbé irin lé èjìká, tí wọn yóò lóṣòó, tí wọn yóò sì dìde, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni lọ́sẹ̀, nítorí ìgbà ìsinmi ni iṣan ń le, kì í ṣe ìgbà iṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ náà padà sáré. Ṣùgbọ́n títí di òní, kí n tó fọn fèrè, ẹ̀yìn itan àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wò.