Èènì Kì Í Padà Sínú Igbá

Ẹni tí ó gbẹ́ kànga fún gbogbo ìlú ṣe ohun rere, ṣùgbọ́n òun náà ní láti jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí fún ọ̀dọ́ tí ó bá jókòó sí Dungu, ní Tamale, níbi tí ọgbà yunifásítì wà, tí ó ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ayé. Kí ni yóò wá tà?

HashiCorp ti Amẹ́ríkà yọ̀ǹda Terraform bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ní oṣù kẹjọ 2023, ó yí ìwé àṣẹ rẹ̀ padà láti dí àwọn abánidíje lọ́wọ́. Kò pé oṣù méjì tí àwọn tí inú bí fi mú ẹ̀dà àtijọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní OpenTofu. Red Hat ní tirẹ̀ kò sọ Linux di tirẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó ń tà, IBM sì rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là ní 2019.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n ṣòwò ní Tamale kí òfin 1969 tó lé wọn mọ èyí: a kì í gba èènì padà lọ́wọ́ oníbàárà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ọ̀dọ́ náà ti ya ọrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà.