Góòlù Tí Etí Rí

(Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ gbé ibòmíràn rí. Àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó gbé ṣòkòtò wá kí wọ́n bá a gé e kúrú. Iyàn bọ́ọ̀lù ti wọ̀ wọ́n lára kí n tó ríbi jókòó sí.)

ARÁ ILÉ: Má tiẹ̀ dárúkọ wọn pọ̀. Yekini rèé, Osimhen rèé, kí lo fẹ́ fi wé kí ni?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n, iye góòlù ni mo fi ń wé e. Yekini gbá 37 wọlé fún Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó jiyàn. Osimhen ti lé ní 30. 1998 ni wọ́n sì bí i, ọmọ náà kò tíì fẹ̀yìn tì.

ARÁ ILÉ: Nínú èyí tí ò ń kà lé mi lórí yẹn, São Tomé ló gbá mẹ́rin sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2022, mẹ́wàá sí òdo. Ṣé bọ́ọ̀lù nìyẹn náà? Nígbà tí Odegbami ìgbà tiwa ń gbá a, orílẹ̀-èdè 8 péré ló ń dé ibi ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Lónìí, 24 ni. Àwọn tí wọn ìbá ti lé padà lẹ́nu ọ̀nà láyé ìjọ́sí ti wọlé, wọ́n ti fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àwọn tó wọlé ọ̀hún kì í ṣe ẹran ìjẹ mọ́. Ẹ wo ohun tí Kóńgò fojú wa rí ní Rabat.

ARÁ ILÉ: Ẹ̀n-ẹ́n! O ti bá mi sọ ọ́. Ife Àgbáyé mélòó ni Osimhen ti lọ? Ti 2022, a ò lọ. Ti 2026, Kóńgò fi pẹ́nátì dá wa padà sílé. Ti Yekini ńkọ́? 1994, l'Amẹ́ríkà, òun ló gbá góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá wọlé níbẹ̀ látìgbà tí aláyé ti dáyé. Bùlùgéríà ló gbá a sí, kì í ṣe São Tomé. Bùlùgéríà tí Stoichkov wà nínú rẹ̀, tó bá wọn dé ibi tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó ń sunkún, ó ń képe Ọlọ́run. Ta ni kò rántí ìyẹn?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ta ló gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún un?

ARÁ ILÉ: Finidi ni.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Amuneke ńkọ́? Oliseh tó wà láàárín ńkọ́? Amokachi ńkọ́? Ẹ kó irú wọn fún Osimhen, kí ẹ wá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lójú mi. Lọ́jọ́ Rabat yẹn, láti ìdajì àkọ́kọ́ ni ara ti dùn ún jókòó. Kò sí lórí pápá rárá nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ́nátì.

ARÁ ILÉ: Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n, àkísà 1980 lẹ wọ̀ jókòó níbí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀!

(Ẹ̀rín pa gbogbo wa, títí kan ọmọ iṣẹ́ tó ń lọ aṣọ. Bàbá yìí ló kọ́kọ́ dákẹ́.)

ARÁ ILÉ: O bú mi, ṣùgbọ́n o dárúkọ ọdún tó dáa. March 22, 1980, ní Sùúrùlérè, àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, àwa àti Àlùjíríà. A ò tíì fìdí kalẹ̀ tí Odegbami ti sọ ọ́ sáwọ̀n, ìṣẹ́jú kejì péré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, bó bá gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, á kọ́kọ́ tẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣubú, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á bá a tẹ̀, kó tó gbójú sókè, ọ̀gbẹ́ni ti lọ. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó tún gbá ìkejì. Muda Lawal wá fi ẹ̀kẹta dé e lórí. Mẹ́ta sí òdo! Ó wà lójú mi báyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ lọ sí Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà?

ARÁ ILÉ: ...Rédíò ni. Rédíò onílé wa. Láti àárọ̀ la ti sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn kó má baà kú lójú agbo. Ernest Okonkwo ló ń sọ ọ́. Òun náà ló pe Odegbami ní «Mathematical».

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Nítorí náà, etí lẹ fi rí góòlù yẹn.

ARÁ ILÉ: Etí tó gbọ́ Ernest Okonkwo kì í ṣe etí lásán. Mo sì ti rí i lórí fídíò lẹ́yìn náà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Àwọn góòlù ló wà nínú fídíò yẹn. Èyí tí Odegbami gbá lọ sójú ọ̀run, ta ló tọ́jú rẹ̀? Rédíò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọjá lọ. Àmọ́ bí Osimhen bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, tẹlifíṣọ̀n á gbé e padà lápá ọ̀tún, á gbé e lápá òsì, á fà á jẹ́jẹ́ títí a ó fi rí i bó ṣe ń ya ẹnu. Tó bá máa fi di ọjọ́ kejì, ọmọ kékeré ti fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yin ń fi góòlù Yekini wé àṣìgbá Osimhen.

ARÁ ILÉ: Ìyẹn... ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o gbé ọ̀hún ńkọ́, tí wọ́n ń gbá a lójú rẹ? Ojú tìrẹ ló yẹ kó sọ òótọ́ fún wa.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ ò ní gbà gbọ́. Mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nínú pápá ìṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn fún wa, wọ́n á tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà pápá. Òfin iṣẹ́ wa ni pé àwọn èrò ni ká máa wò. Ẹ̀yìn ni kí á kọ sí bọ́ọ̀lù.

ARÁ ILÉ: O purọ́!

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Mo fi òtítọ́ búra. Bàtà àwọn olówó ń lu ilẹ̀ pọ̀ọ́pọ̀ọ́ lẹ́yìn mi, n kò gbọdọ̀ yíjú. Ojú èrò ni mo fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹnu wọn là sílẹ̀ láìsí ohùn, ẹnìkan ti dá wà pẹ̀lú aṣọ́lé nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí wọn dáadáa. Ká sọ tòótọ́, ara wọn yàtọ̀. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn wọn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń ka bí wọ́n ṣe sáré tó. Koríko yẹn tẹ́jú ju ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín yìí lọ.

ARÁ ILÉ: O rí i pé wọ́n gbẹ̀fẹ́! Kí wọ́n wá gbá a lórí pápá wa nígbà òjò. Kí adènà máa ti ẹ̀yìn gé wọn lẹ́sẹ̀ kí rẹfirí sì ní kí eré máa lọ.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Wọ́n á jìyà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbà. Kí a wá gbé Odegbami ìgbà yẹn sí ọ̀hún pẹ̀lú oúnjẹ tirẹ̀ àti dókítà tirẹ̀, òun náà á jìyà, èémí ló máa kọ́kọ́ tán. Tó bá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, a jẹ́ pé ká máa wá owó tí wọ́n á fi rà á. Ọgbọ́n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ti ìgbà kan.

ARÁ ILÉ: Ìyẹn dáa. Èmi náà rí ohun tí mo rí lójú kòròkòrò o. 1976, ní pápá Liberty yìí, lọ́dún tí IICC, Shooting Stars wa yìí, gba ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, tí kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba irú rẹ̀ rí. Tonnerre ti Yaoundé la nà. Milla wà nínú wọn! Bàbá mi ló mú mi lọ. Èmi ń fò sókè, bàbá wa kàn jókòó ni. Ó ní, «Èwo lariwo? Ẹ ò rí Thunder.»

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Teslim Balogun.

ARÁ ILÉ: Àwọn tó lọ sí ìlú Òyìnbó ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ òfìfo gbá a. Lójú bàbá wa, ẹni tó bá wọ bàtà ti rẹ́ Òyìnbó jẹ ná.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ṣùgbọ́n Thunder padà wọ bàtà, ó gbá a fún QPR ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín fi Thunder na Odegbami, ẹ̀yin náà wá ń fi Odegbami na ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà.

ARÁ ILÉ: Ta ló ta píọ̀ wọ́tà?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Osimhen. Olúsosùn l'Ékòó ló dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn yẹn. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló ti ń sáré ta omi. Ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ.

ARÁ ILÉ: Èyí tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Muda Lawal náà, mẹkáníìkì ni kó tó di Muda. (Ó gé òwú pẹ̀lú eyín.) Àmọ́ Muda, ọ̀dọ̀ wa ló ti di Muda. Odegbami kò fi Shooting Stars sílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Yekini gbá a fún wa n'Íbàdàn, ó lọ sí Abiola Babes, kó tó sọdá sí Abidjan àti Potogí. A ti jẹ wọ́n yó kí Òyìnbó tó rí wọn. Ọmọ píọ̀ wọ́tà yìí, ẹgbẹ́ wo ló ti gbá a nílé?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Kò sí. Ọmọ ọdún 18 ló lọ sí Wolfsburg, ní Jámánì.

ARÁ ILÉ: Lookman tó gbá mẹ́ta sí Leverkusen ńkọ́, ní 2024?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí.

ARÁ ILÉ: O rí i? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bá wa gbá a. Mi ò gbọ́ òórùn òógùn wọn rí.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ṣé ẹ ṣì ń lọ sí Adamásingbà?

ARÁ ILÉ: Láti ṣe kí ni?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Láti wo 3SC, Shooting Stars yín. Láti gbọ́ òórùn òógùn.

ARÁ ILÉ: Àwọn ọmọ wọ̀nyí? Wọn ò mọ nǹkan kan.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn?

(Ọmọ iṣẹ́ dáhùn kí ọ̀gá rẹ̀ tó ya ẹnu, ó ní òun kò rí i kí ọ̀gá òun lọ rí. Ojú tí ọ̀gá rẹ̀ fi wò ó kò dáa.)

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Mò ń lọ lọ́jọ́ Sunday. Màá kọjú sí bọ́ọ̀lù wàyí, kò sẹ́ni tó máa yí mi lórí padà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, èmi ni màá sanwó ìwọlé.

ARÁ ILÉ: Ta ni wọ́n fẹ́ bá gbá?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Mi ò tíì bèèrè.

ARÁ ILÉ: Lọ bèèrè. Tó bá jẹ́ Rangers ti Enugu, màá lọ. Tí kì í bá ṣe Rangers, ṣòkòtò rẹ máa ṣe tán lọ́jọ́ Monday.