Ọ̀nà Ẹsẹ̀ tí ó Lọ sí Òkè Saint-Bernard

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù kan ní ilẹ̀ Súwísì. Mo rí ilé ńláńlá, mo rí ọkọ̀ ojú irin tí kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan tí ó ti abúlé òkè gùn lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín, títí kan ibi tí ojú ti tì mí.

Orúkọ abúlé náà ni Bourg-Saint-Pierre, ní ìpínlẹ̀ Valais, ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé. Abúlé kékeré ni: ilé olókùúta, ṣọ́ọ̀ṣì kan, màlúù tí agogo ń dún lọ́rùn wọn. Ó ga ní 1,632 mítà ju òkun lọ. Kí ẹ lè mọ bí ó ti ga tó, òkè tí ó ga jù lọ ní Benin wa kò tó 700 mítà. Síbẹ̀, àwọn ará Bourg-Saint-Pierre ka ara wọn sí ará ìsàlẹ̀. Òkè gan-an ṣì wà níwájú: àlàfo kan láàárín àwọn òkè ńlá, ní 2,469 mítà, tí wọ́n ń pè ní Grand-Saint-Bernard. Ibẹ̀ ni Súwísì àti Ítálì ti pààlà. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni ènìyàn ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Òkúta kan tí wọ́n fi ń ka ọ̀nà nígbà náà ṣì wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà.

Ní ìkángun abúlé, mo rí òpó kan tí wọ́n kan pátákó aláwọ̀ ìyeyè mọ́. Wọ́n kọ orúkọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń lọ sí i lára. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé wákàtí ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe kìlómítà. Lórí òkè, kìlómítà kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òmíràn lè gba wákàtí kan. Wọn kò sì ka àkókò ìsinmi mọ́ ọn. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè lásán jẹ́ ti ọ̀nà tí ó rọrùn. Bí ṣónṣó rẹ̀ bá ní ìlà funfun, pupa, funfun, ọ̀nà òkè ni, ó ń fẹ́ bàtà tí ó lágbára àti ẹsẹ̀ tí ó dájú. Bí ó bá jẹ́ funfun, búlúù, funfun, ti àwọn tí ó mọ òkè gígùn dáadáa nìkan ni. Láàárín pátákó kan àti èkejì, wọ́n kun àwọn ìlà náà sára òkúta, kí arìnrìn-àjò má baà ṣìnà.

Olùkọ́ ilé-ìwé kan, Johann Jakob Ess, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní 1930, ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ gba òkè Klausen kọjá, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n rìn ní àlàáfíà. Ó rí i pé ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Lónìí, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní Súwísì ju 65,000 kìlómítà lọ. Ní 1979, àwọn ará ìlú dìbò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú òfin àgbà orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kun àmì wọ̀nyí ni kì í gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ opó ni ó gbà mí sílé. Madame ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Monsieur, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sọ fún un pé mo fẹ́ rìn dé òkè Saint-Bernard kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo bàtà mi, ó ní: «Monsieur, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ mìíràn. Òkè kò ní sá lọ.» Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé: èmi tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko láti kékeré, kí ni ìrìn wákàtí mẹ́rin yóò fi mí ṣe?

Mo lọ. Ọ̀nà náà gba inú pápá kọjá, ó sì gba òkè adágún omi kan tí a ń pè ní Lac des Toules, níbi tí wọ́n fi odi ńlá sé odò. Ẹranko kan tí ó jọ òkété ńlá, marmotte ni orúkọ rẹ̀, ń súfèé láàárín òkúta bí ọmọ tí ó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń kọrin. Kí ènìyàn tó ka «Mo kí ọ Màríà» mẹ́wàá tán, kùrukùru ti bo gbogbo ilẹ̀. Mo dúró ti òkúta kan tí ó ní àmì, èmi kò rí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Dípò kí n padà, mo tẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ṣubú. Mo gbọ́ tí òkúta kan ń yí lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ ibi tí ó dúró sí. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi nílé. Mo rá kòrò padà, títí ọwọ́ mi fi kan òkúta tí ó ní àmì. Nígbà tí atẹ́gùn ṣí kùrukùru díẹ̀, mo rí àmì kan lẹ́yìn. Láti àmì dé àmì ni mo ṣe délé.

Ilẹ̀ ti ṣú. Madame dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà. Kò bá mi wí. Ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú mi, ó jókòó, ó ní: «Àbúrò mi ọkùnrin kò padà.» Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ojú ọ̀run mọ́. Ó yá mi ní bàtà ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, àwa méjèèjì sì jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ó rọra ń rìn. Ó ní: «Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn, ẹ ti ń yára jù.» A kọjá ibi tí ọkọ̀ ti ń wọ inú ihò abẹ́ òkè lọ sí Ítálì, ihò tí wọ́n ṣí ní 1964. Láti ibẹ̀, ariwo ọkọ̀ dín kù. A wọ àfonífojì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Combe des Morts, Àfonífojì Àwọn Òkú. Ní ìgbà òtútù, òjò dídì máa ń ya lulẹ̀ láti orí òkè níbẹ̀, ó sì ti bo ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ́lẹ̀. Madame dúró, ó fi òdòdó kékeré kan sábẹ́ òkúta. Ó sọ fún mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ àbúrò òun ní kí ó padà lọ́jọ́ náà, ó sì dáhùn pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. A gbàdúrà pọ̀ fún un.

Nígbà tí a dé òkè, ilé ńlá olókùúta kan ni ó kí wa káàbọ̀. Bernard, àlùfáà àgbà láti Aosta, ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí 1050, kí àwọn tí ń kọjá má baà kú sínú òtútù. Páápù Pius kọkànlá, tí òun náà ti máa ń gun òkè kí ó tó di Páápù, ni ó sọ Bernard Mímọ́ di alágbàwí àwọn tí ń gun òkè, ní 1923. Àwọn àlùfáà tí a ń pè ní chanoine ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Òjò dídì máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ṣùgbọ́n ilé náà kì í tì. Wọ́n fún wa ní tíì gbígbóná kí wọ́n tó béèrè orúkọ wa.

Àwọn ọmọ wa yóò fẹ́ gbọ́ nípa àwọn ajá ibẹ̀. Òkìkí èyí tí ń jẹ́ Barry kàn jù: láàárín 1800 sí 1814 ni ó gbé ayé, ìtàn sì sọ pé ó gba ènìyàn bíi 40 là. Àgbá ọtí kékeré tí a ń rí lọ́rùn wọn nínú àwòrán, ayàwòrán ni ó fi síbẹ̀.

Ní ọdún 1800 kan náà, Napoléon kó ọmọ ogun bíi 40,000 gba ọ̀nà yìí. Wọ́n fi igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀ wọ́ ìbọn ńlá gòkè. Ó ṣèlérí pé òun yóò san owó ohun tí ogun òun gbà ní Bourg-Saint-Pierre. Ní 1984 ni ìjọba Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àmì ìrántí kan parí ọ̀rọ̀ gbèsè náà. Ọ̀gágun fi gbèsè sílẹ̀ lẹ́yìn, àlùfáà fi ilẹ̀kùn ṣíṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ọ̀dọ́ ilé wa máa ń jáde lọ ro ọ̀nà odò kí òjò tó pọ̀. Àgbà tí ó fẹ́ lọ pọn omi kì í mọ ẹni tí ó ro ó, ṣùgbọ́n ejò kì í bù ú jẹ. Ta ni ó ń ro ọ̀nà yẹn nísinsìnyí? Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ sí i, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì mú ọkọ́ wá. Èmi náà yóò wà níbẹ̀. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ ni ó kun òkúta tí mo fi rí ọ̀nà délé.